Ẹ́ńjìnnì Díísù Tó Ń Ṣagídí Lásìkò Ọyẹ́

Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ́ńjìnnì Lister àtijọ́ tí a fi ń lọ pákí máa ń ṣagídí láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ pákí tí a ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá fi lé ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á dúdú. Gaàrí tí ẹ fẹ́ kó lọ sí Ẹ̀bùté Èrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kí ló fà á? Ẹ́ńjìnnì díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Písítìnnì ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná gan-an, tí díísù tí nọ́súù bá fín sí i á gbiná fúnra rẹ̀. Tí irin bá tutù, ooru yìí á dín kù, ọ́ìlì náà á sì ki. Ṣùgbọ́n òtútù Èkó kò tó ohun tó ń dá ẹ́ńjìnnì tó dáa dúró. Bí tiyín bá ń kọ̀ ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, ó ṣeé ṣe kí ríìngì tàbí fáàfù rẹ̀ ti jẹ. Ọyẹ́ kàn tú àṣírí rẹ̀ ni.

Ohun tí ẹ ó ṣe:

1. Ẹ wo ọ́ìlì àti díísù. Ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fílítà afẹ́fẹ́.

2. Bí díísù bá ti tán nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀nà epo. Ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀, títí epo tí kò hó yóò fi máa ṣàn, kí ẹ tó dè é padà.

3. Bó bá jẹ́ olómi, ẹ lè da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Ẹ má lo omi híhó o, irin lè sán.

4. Ẹ gbé irin kékeré tó ń ṣí fáàfù sókè, kí ẹ rọra yí ẹ́ńjìnnì kí ọ́ìlì lè dé ibi gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i kó yára dáadáa, kí ẹ tó dá irin kékeré náà padà.

5. Kí àtàǹpàkò yín àti ìka yòókù wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lára irin tí ẹ fi ń yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó lè ṣẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ má dáná sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì da bẹntiróò sí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Ìyẹn lè fọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì lè jó èèyàn.

Ẹ rántí: ẹ dán ẹ́ńjìnnì wò láàárọ̀ kí ẹ tó wú pákí. Bó bá kọ̀, ẹ pe mẹkáníìkì. Pákí tó ṣì wà nínú ilẹ̀ kò tíì bàjẹ́.