ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ ÌLERA ÌLETÒ ÀTI IBÀ Ẹ̀FỌN

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀ràn tí kò ṣàjèjì sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa, èyíinì ni ibà tí ẹ̀fọn ń kó ran ènìyàn. Nítorí tí ó wọ́pọ̀ láàrin wa, púpọ̀ nínú wa ti sọ ọ́ di ohun yẹpẹrẹ. Bí ara ọmọ bá gbóná, a ó ní, “Ibà lásán ni.” Ṣùgbọ́n ibà tí à ń pè ní lásán yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ó pa nǹkan bí 597,000 ènìyàn ní ọdún 2023 nìkan. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó pa, ó ju mẹ́sàn-án lọ tí ó kú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú mẹ́rin tí ó sì kú níbẹ̀, bí mẹ́ta ni ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà ni ikú náà ti pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí à á jókòó rò.

Kí ni ó ń fa ibà yìí? Àwọn baba wa a máa sọ pé oòrùn ni, tàbí àṣejù iṣẹ́. A kò lè bá wọn wí, nítorí ohun tí ojú lásán kò lè rí ni. Ní ọdún 1880 ni Alphonse Laveran, oníṣègùn ará Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ilẹ̀ Àlùjíríà; ní oṣù kẹjọ ọdún 1897 ni Ronald Ross sì rí i nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Láti ìgbà náà wá ni a ti mọ̀ dájú pé abo ẹ̀fọn kan tí a ń pè ní Anopheles, tí ó máa ń jẹ ènìyàn ní òru, ni ó ń gba kòkòrò náà lára ẹnì kan, tí ó sì ń gbé e fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tọ́jú aláìsàn kan dáradára ń dáàbò bo aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú.

Ibà yìí kì í dúró de ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyá kan ní abà. Ní ìrọ̀lẹ́, ara ọmọ rẹ̀ gbóná. Ilé ìwòsàn jìnnà, owó ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́, ó sì di ọ̀la kí ọjà tó ná. Ní òwúrọ̀, ọmọ kò mu ọyàn mọ́. Kí ó tó di ọ̀sán, gìrì ti dé. Nígbà náà ni ẹnì kan yóò ní kí a ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, òmíràn yóò sì gbé àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù ṣe wá. Àwọn dókítà ilẹ̀ wa ti rí i tipẹ́ pé àgbo yìí a máa dá kún gìrì náà ni, àwọn ọmọ tí iná sì ti jó lẹ́sẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ilé ìwòsàn. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ọjọ́ tí ara ọmọ bá kọ́kọ́ gbóná gan-an ni ó yẹ kí a wá ìtọ́jú, kì í ṣe ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ náà, nígbà tí dókítà kò sí nítòsí? Níbí ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ìletò ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe dókítà, kò sì gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ará ìlú ni, ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán, tí a kọ́ ní ohun díẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkíní, ó ń dán ẹ̀jẹ̀ wò. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Yóò gún ìka aláìsàn, yóò kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí ohun ìdánwò pélébé kan, kò sì ní tó ìdajì wákàtí kí èsì tó jáde. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa dán gbogbo ènìyàn wò kí a tó fún wọn ní oògùn ibà. Bí kò bá jẹ́ ibà, àrùn mìíràn ni kí a wá. Ọmọ tí ó ń mí gúlegúle lè ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró.

Èkejì, ó ń fúnni ní oògùn tí ó tọ́. Chloroquine tí gbogbo wa mọ̀ kò ka kòkòrò náà mọ́, nítorí náà ni ìjọba wa fi gbé oògùn alápapọ̀ tí ó ní artemisinin nínú rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2005. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni a ń lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí ara rẹ̀ bá tutù ní ọjọ́ kejì, tí ó sì fi ìyókù pamọ́, ti dá kòkòrò díẹ̀ sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọmọ tí gìrì mú, tí kò lè mu ọyàn tàbí omi, tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, tàbí tí kò mọ ẹni tí ó dúró tì í mọ́, ilé ìwòsàn ni ọ̀nà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tí a ń ti bọ ihò ìdí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́fà, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò lè rọ́pò ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹrin, ó ń kọ́ni láti ilé dé ilé. Ó ń wò ó bí àwọn ènìyàn bá ń sùn lábẹ́ àwọ̀n tí a rẹ sínú oògùn apakòkòrò, bí aboyún bá sì ń lọ gba oògùn ìdènà ibà láti oṣù kẹrin, ó kéré tán nígbà mẹ́ta, kí oṣù kan máa wà láàrin wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ará ìletò lásán lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó wo Ìmẹ̀sí-Ilé. Dókítà David Morley, ẹni tí ó dé ilé ìwòsàn àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà ní ọdún 1956, ni ó dá ibi ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí a kọ́ níṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń wọn ọmọ, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé, tí wọ́n sì ń fún ọmọ ní oògùn ìdènà ibà lóṣooṣù. Ikú ọmọdé dín kù gidigidi ní ìlú náà, irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Kí ó wo ilẹ̀ Etiópíà pẹ̀lú. Ní agbègbè Tigray, a kọ́ àwọn ìyá kan, àwọn náà sì kọ́ àwọn aládùúgbò wọn bí a ti í mọ ibà àti bí a ti í fún ọmọ ní oògùn kíákíá ní ilé. Nígbà tí àwọn oníṣègùn tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, a rí i pé ikú àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn ìletò tí a kò kọ́. Ìyá ni wọ́n, kì í ṣe dókítà.

Àwa fúnra wa kò sì gbàgbé sòbìà. Ó ju 650,000 ènìyàn lọ tí a kà pé ó ń yọ lẹ́nu ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àwọn ará ìletò tí a yàn ni wọ́n ń wá a láti agboolé dé agboolé, tí wọ́n ń di egbò, tí wọ́n sì ń kọ́ni láti sẹ́ omi. A rí ẹni ìkẹyìn ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ní ọdún 2013 ni a jẹ́rìí pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ni ó jẹ́ Mínísítà Ìlera láti ọdún 1985 dé 1992. Ó mú ìtọ́jú alákọ̀ọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ilé ìwòsàn ńlá nìkan kò lè gba àwọn ọmọ wa là. Iṣẹ́ tí ó kù, ọwọ́ wa ni ó wà. Òṣìṣẹ́ tí a kọ́, tí àpótí oògùn rẹ̀ sì ṣófo, kò yàtọ̀ sí ọdẹ tí kò ní ẹ̀tù. Ẹni tí ó ń rìn láti abà dé abà láìgba owó kan, bí ebi bá pa á, yóò padà sí oko rẹ̀. A kò sì ní lè dá a lẹ́bi. Nítorí náà, bí ó bá kan ilẹ̀kùn wa, ẹ jẹ́ kí a ṣí i. Bí oògùn bá wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ ọ́. Bí ó bá sì ní kí a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Ta ni òṣìṣẹ́ ìlera ní àdúgbò wa, ǹjẹ́ a sì mọ ilé rẹ̀?
2. Àwọn àmì wo ni ó ń fi hàn pé ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀?
3. Kí ni ìjọ wa lè ṣe kí àpótí oògùn rẹ̀ má bàa ṣófo?