Bí Òní Ṣe Rí, Ọ̀la Ò Rí Bẹ́ẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Tọkọtaya Tó Ń Lọ sí Faransé Nígbà Òtútù

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ní ti tọkọtaya tó fẹ́ rìn kiri ilẹ̀ Faransé nígbà òtútù, ọrún ti pẹ́ jù. Alaalẹ́ ni kí wọ́n máa dá tiwọn. Wọ́n lè ti jókòó ní Peckham ní London láti oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n ti sanwó ọkọ̀ ojú irin àti òtẹ́ẹ̀lì ìlú mẹ́rin, kí ọkọ sì ti kọ ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ wákàtí sí wákàtí. Kí wọ́n tó débẹ̀, yìnyín ti bo ọ̀nà, tàbí kí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti daṣẹ́ sílẹ̀. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì.

Ìyanṣẹ́lódì ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló máa ń bá àwọn ará wa lójijì jù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2019, lórí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, Kérésìmesì bá a níbẹ̀, ọdún tuntun náà sì bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Faransé kì í yọ́ ọ ṣe. Òfin kan wà láti ọdún 2007 tó ní kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ìyanṣẹ́lódì sọ ọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú, kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì jẹ́ kí èrò mọ ọkọ̀ tí yóò lọ àti èyí tí kò ní lọ, ó pẹ́ tán, ní wákàtí 24 ṣáájú. Ẹni tó bá sùn láì wo fóònù rẹ̀, tó wá jí ní ìdájí gbé àpótí lọ sí ibùdókọ̀, kò lẹ́jọ́ kankan láti bá ìjọba Faransé rò. Irọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ wo ìkànnì SNCF, ilé iṣẹ́ rélùwéè Faransé, kẹ́ ẹ wo bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lọ́la, kẹ́ ẹ tó pinnu. Àyè kúkú wà: ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ ní Paris ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kì í sì í yọ títí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ fi kọjá.

Èyí tó le ju ọkọ̀ tí kò lọ ni ẹnu tí kò dákẹ́. "Dádì Tolú, ṣebí mo sọ fún yín?" Ọ̀rọ̀ yìí kò mú ọkọ̀ kankan gbéra rí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà ló sì yẹ ká ti parí ìjà tí ọ̀nà máa dá sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí ìyàwó dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kí ọkọ náà dárúkọ tirẹ̀. Ohun kan o, kì í ṣe mẹ́fà. Gbogbo ìyókù, ẹ gbà pé a lè fi wọ́n sílẹ̀. Ká ní ọjà Kérésìmesì Strasbourg, tí wọ́n ti ń ná láti ọdún 1570, ni ìyàwó mú, tí ọkọ sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí òkè Mont Blanc láti Chamonix. Bí ìyanṣẹ́lódì bá wá jẹ ọjọ́ méjì nínú ìrìn àjò, kò yẹ kí àríyànjiyàn wáyé. Ọjà náà sábà máa ń túká ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Òkè kì í palẹ̀ mọ́. Strasbourg ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, òun náà ló sì rọrùn jù, nítorí ọkọ̀ láti Gare de l'Est ní Paris kì í lò tó wákàtí méjì kó tó débẹ̀.

Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lẹ́nu ìrìn àjò, èmi fara mọ́ ti ọmọdé. Bẹ́ ẹ bá padà délé, ẹ wá wẹ̀yìn wò títí ilẹ̀ ó fi mọ́.

Bó bá wá jẹ́ pé òkè náà ni kò ṣeé dé ńkọ́? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló yẹ ní gbígbà. Àwọn ọkọ kan wà tí inú wọn máa ń dùn láti háyà mọ́tò ní irú àkókò yìí. Láti ọdún 2021, bó bá ti di ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, òfin ní kí mọ́tò tó bá wọ àwọn àgbègbè olókè tí wọ́n yàn ní táyà ìgbà òtútù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí kó gbé ṣéènì táyà dání. Ọ̀nà orí òkè bíi Galibier, tó ga tó mítà 2,642, títì ni wọ́n ń tì í pa títí yìnyín yóò fi yọ́. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ háyà mọ́tò fún yín léèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò sì wakọ̀ lórí yìnyín rí, kó má fi ìyàwó rẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Gúúsù ni mo máa ní kẹ́ ẹ yà sí. Ibùdókọ̀ Gare de Lyon ní Paris, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sẹ́bàá òkè Alps ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ni ti Marseille àti Nice ti ń gbéra, ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibòmíràn kiri. Ooru kò sí ní Nice nígbà náà, ṣùgbọ́n oòrùn wà, òkun sì wà. Bó bá bọ́ sí oṣù Kejì, ayẹyẹ ọsàn wẹ́wẹ́ ní Menton kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ má kàn bọ́ kóòtù sílẹ̀ ní Marseille, nítorí ẹ̀fúùfù tí wọ́n ń pè ní mistral kò mọ àlejò. Bó bá sì jẹ́ pé Paris náà lẹ dúró sí, ẹ rántí pé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ti Orsay kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé.

Ibì kan wà tí ètò kò gbọ́dọ̀ yí, físà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé London pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára físà Schengen yín kẹ́ ẹ tó pèrò dà. Tíráàmù láti Strasbourg lè gbé yín sọdá odò Rhine lọ sí Kehl ní Jámánì, físà kan náà ló gbé e, bẹ́ ẹ bá ṣáà ti mú pásípọ́ọ̀tù dání. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fún yín, tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ sáré dé London kẹ́ ẹ tún padà, ó ti parí. Ẹ ka iye ọjọ́ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òtẹ́ẹ̀lì tó dùn kì í fi ọjọ́ kún físà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2023, omi ya wọ ihò tí Eurostar, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láàárín London àti Paris, ń gbà lábẹ́ odò Thames, wọ́n sì fagi lé gbogbo ọkọ̀ ọjọ́ náà. Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ ṣe ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ẹ fi ọjọ́ kan ó kéré tán sílẹ̀ láàárín. Ẹ má sì ju tíkẹ́ẹ̀tì nù. Bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Yúróòpù, tàbí tó bá hàn pé yóò fi wákàtí kan pẹ́ dé, òfin fún yín láṣẹ láti gba owó yín padà, tàbí kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn gbé yín débi tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹ jọ sọ ọ́ láàárín ara yín èyí tẹ́ ẹ fẹ́, kí ẹnì kan ṣoṣo tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ níbi káńtà.