Níbo Lèrò Tìrẹ Wà Nínú Àlàyé Yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Ìbàdàn tó ń kàwé ní Onitsha ni mí. Olùkọ́ wa ní kí kálukú kó ìwé ìtọ́kasí mẹ́wàá jọ fún ìwádìí rẹ̀, kó sì kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń tà lọ́jà Onitsha láyé ọjọ́un ni mo mú. Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà, wọ́n ní àwọn kò rí èrò mi níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú akitiyan. Inú mi dùn pé o mú kókó yìí, nítorí ìlú tí o wà gan-an ló ni ín.

Kọ́kọ́ kọ ìbéèrè ìwádìí rẹ sílẹ̀. Ká ní ó jẹ́: "Irú ìmọ̀ràn wo ni àwọn ìwé yìí ń gba ọ̀dọ́ lórí ìfẹ́ àti ìgbéyàwó?" Gbé e ka iwájú rẹ bí o ṣe ń kàwé. Ìdí tí o fi mú ìwé náà, ibi tó ti wúlò fún ọ àti ibi tí kò dé ni olùkọ́ rẹ ń wá.

Mú Emmanuel Obiechina, tí Cambridge University Press tẹ ìwé rẹ̀, An African Popular Literature, jáde ní 1973. O lè kọ ọ́ báyìí: "Obiechina ṣàlàyé ohun tó bí ìwé pélébé Onitsha, ó sì yẹ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú wọn wò dáadáa. Ibẹ̀ ni n óò ti mú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ọdún tó jáde kò jẹ́ kó lè dé orí fíìmù àgbéléwò tó ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lónìí." Kò gùn, èrò rẹ sì ti hàn.

Má wọn gbogbo ìwé ní òṣùwọ̀n kan. Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ ní 1956, níbi tí bàbá ti fẹ́ fọmọ fún olóyè tí ọmọ kò fẹ́, ẹ̀rí fúnra rẹ̀ nìyẹn. Obiechina ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rí ni. Jẹ́ kí àlàyé rẹ fi ìyàtọ̀ yìí hàn.

Ọ̀pọ̀ ìwé pélébé náà kò ní ọdún lára. Má ṣe méfò, kọ "n.d." síbẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ bíi Speedy Eric, bó ṣe wà lẹ́yìn ìwé ni kí o kọ ọ́. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ba ọjà Onitsha jẹ́, ṣùgbọ́n Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà ti gbé díẹ̀ lára àwọn ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bi àwọn àgbà tó ń tàwé ní Onitsha náà léèrè.

Mo tún bẹ̀ ọ́, fi àyè kan sílẹ̀ fún ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Obìnrin inú rẹ̀ ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìfẹ́ rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi ṣàríkọ́gbọ́n, ó sì ṣáájú Veronica ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ pé èdè Yorùbá tí wọ́n fi kọ ọ́ ni ìwọ fúnra rẹ fi kà á.