Oúnjẹ àti Omi fún Asáré Ọ̀nà Jíjìn

Kì í ṣe gígùn ọ̀nà nìkan ni ó ya eré ọ̀nà jíjìn sọ́tọ̀ kúrò lára eré ọgọ́rùn-ún mítà. Ẹni tí ó ń sá ọgọ́rùn-ún mítà ti parí eré rẹ̀ kí ikùn rẹ̀ tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó wà nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó o lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sá Máráthọ́ọ̀nù, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195, yóò lo wákàtí méjì lójú ọ̀nà bí ó bá jẹ́ ọ̀gá láàrin àwọn ọ̀gá, ẹlòmíràn a sì lo wákàtí márùn-ún. Ní gbogbo àkókò yìí, bí ọkọ̀ ni ara rẹ̀ rí, ó ń jó epo, ó sì ń jó omi. Kò sí awakọ̀ tí orí rẹ̀ pé tí yóò gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Kánò tí kò ní kọ́kọ́ yẹ epo àti omi ọkọ̀ wò. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ń múra sílẹ̀ fún eré ìje ni kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ara wọn. Òmíràn a jí ní òwúrọ̀, kò ní fi nǹkankan kan ẹnu, a sì sáré máílì mẹ́wàá. Bí ojú bá ń ṣú u, a ní ọ̀tá ni ó ń bá òun jà.

Àwọn àgbà pàápàá ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí, ojú ayé ni wọ́n sì ti ṣe é. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹjọ, ọdún 1904, ọkùnrin 32 gbéra ní ìlú St. Louis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti sá Máráthọ́ọ̀nù ti ìdíje Òlíńpíìkì. Ọ̀sán ni wọ́n gbéra, ooru sì mú tó ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ojú ọ̀nà kò ní ọ̀dà, ó kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn ọkọ̀ alábòójútó tí ń lọ níwájú sì ń tú eruku sí àwọn asáré lójú àti nímú. James Sullivan, tí ó jẹ́ olórí ètò eré náà, fẹ́ mọ ohun tí àìrí omi mu ń ṣe nínú ara ẹni tí ń sáré, nítorí náà omi tí a pèsè kò tó nǹkan rárá. Èyí tí ìtàn sábà máa ń dárúkọ ni kànga kan lẹ́bàá ọ̀nà ní nǹkan bí máílì 12. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni pé omi a máa mú ikùn asáré wúwo, àti pé akọni a máa fara da òǹgbẹ.

Ohun tí ó ti ibẹ̀ wá kò dára. William Garcia, ọmọ California, ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Eruku tí ó gbé mì ti dá egbò sí i nínú, ó ń ta ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó kú. Ìtàn sọ pé Felix Carvajal, ọmọ Kúbà, tí ebi ti ń pa kí eré tó bẹ̀rẹ̀, yà sínú oko èso, ó já ápù jẹ, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Síbẹ̀ ipò kẹrin ni ó ṣe. Àwọn ọmọ Áfíríkà méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Len Taunyane àti Jan Mashiani, ọmọ Tswana láti gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ yìí tí yóò kópa nínú Òlíńpíìkì. Taunyane ṣe ipò kẹsàn-án, Mashiani ṣe ipò kejìlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá lé Taunyane kúrò lójú ọ̀nà!

Thomas Hicks ni ó gba ipò kìíní. Ọkùnrin yìí bẹ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní omi mu. Wọ́n kọ̀, kàn-ìn-kàn-ìn tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi nù ún lẹ́nu. Nígbà tí ó ku nǹkan bí máílì méje tí agbára tán nínú rẹ̀, wọ́n pò funfun ẹyin mọ́ strychnine, tí í ṣe májèlé tí a fi ń pa eku, wọ́n ní kí ó gbé e mì. Lẹ́yìn èyí wọ́n tún fún un ní ọtí brandy. Ó wọ pápá bí ẹni tí ń rìn nínú àlá. Wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 28 àti ìṣẹ́jú-àáyá 53 ni ó lò, kò sì sí ẹni tí ó gba ipò kìíní nínú Máráthọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì, ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn 32 tí ó gbéra, 14 péré ni ó parí eré náà.

Kí ni ó ń tán nínú ara asáré? Oúnjẹ afáralókun tí a bá jẹ, ìbáà ṣe iṣu, ìbáà ṣe ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ, a máa di ṣúgà nínú ara, ara a sì kó èyí tí ó ṣẹ́kù pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Ní ara àgbàlagbà tí ó jẹun kánú, ìpamọ́ yìí lè tó nǹkan bí gíráàmù 500. Ọ̀rá ara pọ̀ ju èyí lọ dáadáa, ara a sì máa jó o pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í tètè jó. Ẹni tí ó bá ń sáré kíkan kò lè gbára lé e nìkan. Nígbà tí ìpamọ́ ṣúgà bá ń lọ sópin, tí èyí sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 30, ẹsẹ̀ a wúwo bí òjé, ọkàn a pòrúùrù, ẹni tí ó ti ń fò bí ẹtu a sì di ẹni tí ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àwọn asáré òyìnbó ní ẹni bẹ́ẹ̀ ti kọlu ògiri.

Ní ọdún 1924 ni àwọn dókítà kan ní Boston gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Máráthọ́ọ̀nù ìlú náà, wọ́n sì rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ sílẹ̀ gidigidi, pàápàá àwọn tí ó ti rẹ̀ jù. Ní ọdún kejì wọ́n ní kí àwọn asáré jẹ oúnjẹ afáralókun dáadáa ṣáájú eré, kí wọ́n sì máa jẹ súìtì lójú ọ̀nà, ìyàtọ̀ sì hàn. Ìdánwò mìíràn tún wáyé ní Sweden, tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Dókítà méjì, Jonas Bergström àti Eric Hultman, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, olúkúlùkù sì fi ẹsẹ̀ kan péré wà á títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ẹsẹ̀ kejì sinmi. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ oúnjẹ afáralókun fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ gé ẹran díẹ̀díẹ̀ láti itan ara wọn. (Ẹni tí ó bá sọ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í dunni, kí ó bi itan àwọn ọkùnrin wọ̀nyí!) Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ kó ìpamọ́ tí ó tó ìlọ́po méjì èyí tí ó wà nínú ẹsẹ̀ tí ó sinmi. Ibẹ̀ ni àwọn asáré ti kọ́ ọ pé kì í ṣe oúnjẹ alẹ́ tí ó ṣáájú eré nìkan ni ó ṣe pàtàkì: iṣẹ́ ni ó ń la àyè sílẹ̀ nínú iṣan, oúnjẹ ọjọ́ méjì mẹ́ta a sì kún un.

Kò sí ìdí fún ọmọ ilẹ̀ wa láti ro pé oúnjẹ asáré ní láti ti òkè òkun wá. Àwọn ará Kenya, tí wọ́n ti ń borí ayé nínú eré yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ugali ni wọ́n ń jẹ, èyí tí kò jìnnà sí túwó àgbàdo, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti tíì oníwàrà tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ àwọn ọ̀gá asáré wọn kan, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, a rí i pé oúnjẹ afáralókun ni ó ń fún wọn ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí wọ́n ń lò. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, dùndún àti ìrẹsì lè ṣe iṣẹ́ kan náà, kí a sì má gbàgbé ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja tí ń tún iṣan tí ó bàjẹ́ ṣe. Àkókò ni ó yẹ kí a ṣọ́. Ẹni tí ó bá jẹ iyán tán tí ó sì bẹ́ sójú ọ̀nà, iyán náà ni yóò máa gbé kiri. Kí oúnjẹ gidi ṣáájú eré ní wákàtí mẹ́ta. Bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ó mu ẹ̀kọ tàbí ògì oníṣúgà, tàbí kí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan pẹ̀lú búrẹ́dì díẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Bí eré bá ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, kí ó máa rí gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ afáralókun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ó tóbi súnmọ́ gíráàmù 25. Gúlúkóòsì gbígbẹ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń dà sẹ́nu kí wọ́n tó sá ọgọ́rùn-ún mítà kò wúlò fún eré bẹ́ẹ̀; ẹ̀rù ni ó ń lé, kì í ṣe ebi.

Ọ̀ràn omi ṣòro ju ti oúnjẹ lọ. Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí òógùn jáde nìkan ni ó ń mú ara tutù, bí kò ṣe kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ní Èkó, níbi tí a ti ń sá Máráthọ́ọ̀nù láti ọdún 2016, ọ̀rinrin òkun ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn a sì máa kán sílẹ̀ láìgbẹ. Asáré ń pàdánù omi, ara rẹ̀ kò sì tutù. Ohun tí ènìyàn ń là ní òógùn lè jẹ́ ìdajì lítà ní wákàtí kan, ó sì lè jẹ́ lítà méjì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti ń ki nítorí àìtó omi, ọkàn a máa sáré kọjá bí ó ti yẹ.

Yorùbá ní omi kò lọ́tàá, òtítọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àmujù rẹ̀ ti pa asáré rí. Ní Máráthọ́ọ̀nù Boston ti ọdún 2002, asáré kan kú, kì í sì í ṣe òǹgbẹ ni ó pa á. Ohun tí ó mu pọ̀ ju èyí tí ara rẹ̀ ń là jáde lọ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàn jù, omi sì wọ inú ọpọlọ, ó wú. Níbi eré yẹn kan náà ni a ti gba ẹ̀jẹ̀ asáré 488. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 13 ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ. Àwọn tí ó rọra ń sáré, tí wọ́n pẹ́ lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń dúró mu omi níbi gbogbo, ni ewu yìí wà fún jù. Òǹgbẹ ni kí asáré fi ṣe amọ̀nà: kí ó mu ìwọ̀nba nígbà tí ó bá ń gbẹ ẹ́, kí ó má sì ṣe mu ún tipátipá.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ìwọ̀n tẹni, kò sì gbówó lórí. Kí ó gun òṣùwọ̀n kí ó tó sáré, kí ó tún gùn ún lẹ́yìn tí ó bá ti nu òógùn kúrò. Bí ó bá wọn kílò 60 ní àkọ́kọ́, tí ó di 58 àti ààbọ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, tí ó sì ti mu omi inú ọ̀rá kan tí ó jẹ́ ìdajì lítà, a jẹ́ pé lítà méjì ni ó là. Kò pọn dandan kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Kí ó kàn má jẹ́ kí ohun tí ó dín lára rẹ̀ ju bí kílò kan àti díẹ̀ lọ. Bí ó bá wúwo sí i lẹ́yìn eré, ó ti mu àmujù. Fún eré gígùn, ó lè po ṣíbí ńlá mẹ́rin ṣúgà tí a rẹ́ lórí àti ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi kan. Kí ó dán an wò ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú eré, nítorí ikùn náà ní iṣẹ́ láti kọ́ bí ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ń gba ààwẹ̀ Ramadan, kí ó dín eré rẹ̀ kù, kí ó sì fi í sí ẹnu ìṣínu, kí omi àti oúnjẹ lè tètè tẹ̀ lé e.

Àwọn tí ń bá asáré rìn ní láti mọ àmì ewu. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, bí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, bí orí bá ń fọ́ ọ tí ó sì ń bì, eré ti parí nìyẹn, ì báà ku ọgọ́rùn-ún mítà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, kí wọ́n gbé e sí abẹ́ ìbòòji, kí wọ́n da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan sì sáré pe dókítà. Bí kò bá mọ ibi tí ó wà mọ́, kí wọ́n má ṣe da omi sí i lẹ́nu.