Pátákó Tó Wà Lára Ọgbà Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́

Púpọ̀ nínú àwa tá a wà ní Sydney àti agbègbè rẹ̀ ló ń yálé tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé, iye owó ilé la sì sábà ń wò ká tó tọwọ́ bọ̀wé. Iṣẹ́ ìṣírò owó ni mo kọ́, mi ò ní ní kẹ́ ẹ má wò ó. Àmọ́ tí ilé náà bá dá dúró, ẹ béèrè sátífíkéètì tó fi hàn pé adágún rẹ̀ bófin mu. Láti ọdún 2016 ni òfin New South Wales ti ní kí lánlọ́ọ̀dù fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ìwé àdéhùn. Ọdún 3 ló ń lò, ẹ wo déètì rẹ̀.

Pátákó ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí omi, kó ṣeé kà láti mítà 3. Ó ní kí àgbàlagbà máa wà lọ́dọ̀ ọmọdé, kí géètì wà ní títì, kí nǹkan kan má sún mọ́ ọgbà tó mílímítà 900. Àga tẹ́ ẹ gbé ti ọgbà, àkàsọ̀ ni lójú ọmọ ọdún 3. Lọ́jọ́ ìkómọ, ẹnì kan á fi kúlà ohun mímu ti géètì kó má bàa pa dé. Ẹ má gbà fún un o, kódà kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Èyí tó kù lára pátákó ni àwòrán bí wọ́n ṣe ń dóòlà ẹni tí kò mí mọ́. Nílé, bí wọ́n bá fa ọmọ yọ lómi, wọ́n á dorí ẹ̀ kodò, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ níkùn kómi lè jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àìrí èémí ló ń pa á. Àkókò ń lọ, èébì sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó le. Kí ẹlòmíì pe 000, kó ní áńbúláǹsì lòun fẹ́, kó jẹ́ kóhùn fóònù jáde síta. Wọ́n á máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Tí kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kíákíá, bí 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ ìkókó, ẹ má dorí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu yín á bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀. Tó bá bì, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ nù ún. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀, títí á fi máa mí dáadáa tàbí tí áńbúláǹsì á fi dé. Ẹ lè máa képe Ọlọ́run bẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kọ́wọ́ yín má dúró.

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ pátákó yìí. Bí Màmá bá ti ilé wá bá yín tọ́jú ọmọ, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tìmùtìmù dánra wò, kẹ́ ẹ sì fi bí wọ́n ṣe ń pe 000 hàn wọ́n, kódà lórí fóònù tó wà ní títì.