Àárín Wo? Ìṣirò Ibi Tó Yẹ Ká Kọ́ Ọsibítù Sí

Bí ọ̀rọ̀ ọsibítù tuntun bá ti dé iwájú káńsù, tí kánsílọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń fà á sí wọ́ọ̀dù tirẹ̀, kì í pẹ́ tí àgbà kan á fi dìde: "Ẹ jẹ́ ká fi í sí àárín." Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Àwa olùkọ́ ìṣirò nìkan la kì í tètè pàtẹ́wọ́, torí àárín tó wà ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé wa ṣe é. Ìgbómìnà Ọ̀ṣun ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì ní Ìfẹ́dayọ̀, tí tirẹ̀ wà ní Òkè-Ìlá. Nígbà ìkànìyàn 2006, wọ́n ka ènìyàn 62,049 ní Ìlá, wọ́n ka 37,058 ní Ìfẹ́dayọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 99,107. Nǹkan bíi kìlómítà 12 ni Ìlá sí Òkè-Ìlá. Kí iṣẹ́ má baà lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé gbogbo ará ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ní olú-ìlú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé ìlú Ọ̀rà wà, abúlé oko náà sì wà.

Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá wà ní Ìlá, àwọn ará Ìfẹ́dayọ̀ nìkan ló máa rìn: 37,058 lọ́nà 12, kìlómítà 444,696. Bó bá wà ní Òkè-Ìlá, ó di 744,588. Bó bá wá wà ní agbedeméjì ọ̀nà ńkọ́, níbi tí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún? Ẹni 99,107 á rin kìlómítà mẹ́fà mẹ́fà: 594,642. Ìyẹn fi 149,946 ju ti Ìlá lọ.

Kí ló fà á? Ẹ gbé ọsibítù náà kúrò ní Ìlá, kí ẹ sún un sí ọ̀nà Òkè-Ìlá ní kìlómítà kan péré. Ẹ ti dín kìlómítà kan kù fún ẹni 37,058, ẹ sì ti fi kan kún ti ẹni 62,049. Ẹ tún sún un, bákan náà ni. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sún un, àdánù ló ń pọ̀ sí i, títí ẹ ó fi wọ Òkè-Ìlá. Ní 1964, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ S. L. Hakimi fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé bó ti wù kí ọ̀nà pọ̀ tó, kí wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn tó, bí àpapọ̀ ìrìn la bá fẹ́ dín kù, a ò nílò láti wá ibì kan lọ sínú igbó láàárín ọ̀nà. Ìlú kan tàbí oríta kan á wà tí kò séyìí tó lè dára jù ú lọ.

Àmọ́ ará Òkè-Ìlá lè bi wá pé, "Ṣé torí pé a kéré ni ká ṣe máa rìn?" Ìbéèrè gidi ni. Àárín kejì nìyẹn: kì í wo àpapọ̀, ẹni tó jìnnà jù ló ń wò. Lójú ìṣirò yìí, agbedeméjì ọ̀nà ló borí, torí kò sẹ́ni tó máa rìn ju kìlómítà mẹ́fà lọ. Àárín méjèèjì ló tọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ló yàtọ̀. Kí káńsù sọ èyí tí wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn.

Èmi ò ní wọn kìlómítà rárá. Ìṣẹ́jú ni mo máa wọ̀n, ara obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé-ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan tó ìdajì lítà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ibi-ọmọ bá já, ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó so mọ́ ọn wà ní ṣíṣí. Ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń pa wọ́n dé: á súnkì, á le koko bí ìkúùkù, á fún àwọn iṣan náà pa. Ìdí nìyẹn tí agbẹ̀bí fi máa ń tẹ ìsàlẹ̀ ikùn ìyálọ́mọ wò. Bí kò bá le, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá, tí kò bá sì sí ìtọ́jú, ohun tó kù fún ìyá náà lè má ju wákàtí méjì lọ.

Ní 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine pín ìdádúró tó ń pa aláboyún sọ́nà mẹ́ta: nílé, kí wọ́n tó pinnu láti gbé e, lójú ọ̀nà, àti nínú ọsibítù, níbi tí dókítà tàbí ẹ̀jẹ̀ ò ti sí nítòsí. Ẹ wo bí ọsibítù inú igbó ṣe kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà tó jìn máa ń mú kí ẹbí rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń jẹ àkókò bí wọ́n bá gbéra. Nọ́ọ̀sì tí kò rílé gbé nítòsí kò ní sí níbẹ̀ lóru. Nítorí náà, ìlú tí èrò pọ̀ sí ni mo fara mọ́, pẹ̀lú májẹ̀mú kan: kí ilé ìlera alábọ́ọ́dé ti ìlú kejì máa ṣí tọ̀sán-tòru, kí abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé-ọmọ le má wọ́n níbẹ̀, kí mọ́tò wà nílẹ̀, kí wọ́n sì tún ọ̀nà ṣe. Òkè àti àfonífojì ló wà láàárín Ìlá àti Òkè-Ìlá. Bí ọ̀nà tó gba wákàtí kan bá di ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ti sún ọsibítù mọ́ wọn láìṣí búlọ́ọ̀kù kan nídìí.

Ní Ìbàdàn náà, nígbà tí wọ́n ṣí UCH, ọsibítù yunifásítì ibẹ̀, ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, 1957, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì 500, inú ọgbà yunifásítì kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Oríta Mẹ́fà ló wà, láàárín ìlú.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rí kan tí wọ́n máa ń gbé wá sípàdé: ìwé ìforúkọsílẹ̀ aláìsàn. "Ẹ wò ó, àwọn ará abúlé yẹn kì í wá." Láti nǹkan bí 1850 ni dókítà Edward Jarvis ti kíyè sí i ní Amẹ́ríkà pé bí ilé ìtọ́jú bá ṣe jìnnà sí èèyàn tó ni lílò rẹ̀ ṣe máa ń dín kù tó. Ẹni tí kò wá lè jẹ́ ẹni tí ọ̀nà dá dúró.

Iṣẹ́ àṣetiléwá rèé, fún àwọn ọmọ kíláàsì mi àti fún àwọn kánsílọ̀ wa. Ẹ kó aago dání, kẹ́ ẹ gbéra láti abúlé tó jìnnà jù ní wọ́ọ̀dù yín lọ síbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọsibítù sí. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò. Aago méjì òru ni kẹ́ ẹ gbéra, kí ẹ sì ka àkókò tí ẹ fi wá ọ̀kadà mọ́ ọn.