Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Omi Mímu Lásìkò Ooru



Iṣẹ́ wa ju eré ìdárayá lọ. Ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ẹni tó ń yan gàrí nídìí ààrò, gbogbo wọn ló ń làágùn. Bí òógùn bá ṣe ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ, ṣùgbọ́n omi àti iyọ̀ ara ló ń bá a jáde. Bí a ò bá dá omi padà, orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni.

Ẹ má dúró de òùngbẹ. Ẹ wo ìtọ̀ yín: bó bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, omi ò tó. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, ẹ mu ìlàjì omi inú ọ̀rá 50cl ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú síra. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Kó má tó ọ̀rá 3 ní wákàtí kan, torí àmujù náà léwu. Iyọ̀ inú oúnjẹ á dí èyí tó bá òógùn lọ. Ẹni tí dókítà bá ní kó dín omi kù, kó tẹ̀lé tirẹ̀.

Ẹ̀yin alááwẹ̀, oṣù Ẹrẹ́nà tí ooru ń mú ni Ràmàdáánì bọ́ sí ní 2025. Láàárín ìṣínu àti sààrì ni kí ẹ máa mu omi, kí ẹ sì fi ẹrù wúwo sí òwúrọ̀.

Bí ara ẹnì kan bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú tàbí tó dákú, ẹ gbé e sí ìbòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má rọ omi sí ẹni tó dákú lẹ́nu o!

Èyí tó le jù rèé. Omi ò lọ́tàá, àbí? Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wa kì í mu ún lọ́jà torí à ń ro ibi tí a ó ti tọ̀. À ń pa òùngbẹ mọ́ra, à ń pa ìtọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ àìsàn ló ń bí. Ṣáláńgá tó mọ́, tó nílẹ̀kùn, kì í ṣe fàájì. Ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan bá káńsù Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìlobùú àti káńsù Orolu ní Ifọ́n sọ ọ́. Kó tó dé, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ onílé ìtòsí kan.

Alááfíà ló ń jèrè ọjà. Ẹ mu omi o.